Ètílíìnì: Bí Èso àti Ewéko Ṣe Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Afẹ́fẹ́

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá wọ ọjà Ọ̀wọ̀dé ní ìlú Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tí ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú jọ sí igun ìsọ̀ rẹ̀. Yóò fi ọ̀kan tàbí méjì tí ó ti pọ́n sí àárín wọn, yóò fi àpò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì kọjú sí ohun mìíràn. Kò dáná sí i, kò bu omi sí i. Nígbà tí yóò bá fi tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí ó dúdú ti di pípọ́n, ó sì ti tó dín ní dòdò. Nítòsí rẹ̀ ni àwọn tí ń ta ànàmọ́ wà, oúnjẹ tí gbogbo agbègbè náà mọ̀ mọ́ Ọ̀fà. Ìṣòro tiwọn yàtọ̀: wọn kò fẹ́ kí ọjà wọn hu lórí àtẹ, nítorí ànàmọ́ tí ó bá ti hu ti ń lo adùn ara rẹ̀ láti fi bọ́ ọ̀mùnú.

Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ni ó lè bá ọjà àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ètílíìnì. Ó ń sọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé kí ó yára. Bí ó bá sì pọ̀ tó nínú yàrá tí wọ́n kó ànàmọ́ sí, ó ń sọ fún ojú ànàmọ́ pé kí ó má tíì hu. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìpamọ́ ànàmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, fi ìdí èyí múlẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá jẹyọ ni pé: báwo ni ohun tí kò ní etí, tí kò ní imú, tí kò sì ní ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kan ti dé, báwo ni ó sì ṣe ń mọ ohun tí yóò ṣe sí i? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

Ẹnìkan lè bèèrè ohun tí ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí ẹnu àwọn tí ń sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti pa mọ́ láti ìgbà náà. Ibi tí ìṣòro ṣì kù sí ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé títúmọ̀ orúkọ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Orúkọ kì í ṣe ìṣòro. A lè pe ètílíìnì ní ètílíìnì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí olùkọ́ mọ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí èdè náà ti ní tẹ́lẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí wọ́n ti bá òótọ́ inú ayé mu àti ibi tí wọ́n ti lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Nípa ti ẹ̀yà-ara ìmọ̀lára, èdè Yorùbá ti ran olùkọ́ lọ́wọ́. Gbọ́ ni a ń gbọ́ ìró, gbọ́ náà ni a ń gbọ́ òórùn, gbọ́ náà sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yé máa ń sọ pé òun gbọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ewéko ń gbọ́ ètílíìnì kò fi èdè ṣe àwàdà rárá. Afẹ́fẹ́ ni ètílíìnì, ó ní òórùn dídùn díẹ̀ fún imú ènìyàn bí ó bá pọ̀, ewéko sì ń gbọ́ ọ nígbà tí ó kéré dé ibi tí imú ènìyàn kò lè dé. Fún ọ̀pọ̀ èso, ìdá 1 ètílíìnì nínú ìdá 10,000,000 afẹ́fẹ́ ti tó láti jí wọn.

Gbígbó kì í ṣe pípọ́n

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni àwọn Yorùbá máa ń lò fún ìrìn àjò èso: èso a gbó, a pọ́n, a dẹ̀, a sì rà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni máa ń tiraka kí ó tó lè ya méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dàgbà sínú oko ti mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú méjì lè wà lórí àtẹ, kí ọ̀kan gbó kí èkejì má gbó. Ohun tí gbígbó túmọ̀ sí nínú ìmọ̀ ewéko ni pé èso náà ti parí ìdàgbàsókè rẹ̀, ó ti to sítáàṣì jọ tó, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ti wà ní ìmúrasílẹ̀ láti gbọ́ ètílíìnì kí ó sì ṣe ohun tí ó yẹ. Èyí tí kò gbó kò tíì lè dáhùn dáadáa. Bí wọ́n fi àpò mẹ́wàá bò ó, yóò ṣá ni, tàbí kí ó rà láì dùn. Ìdí nìyí tí ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fi máa ń wo ìgun ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó tó rà á: bí igun náà bá ṣì mú bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, kò gbó; bí ó bá ti kún tí ó sì ń di róbótó, ó ti gbó.

Pọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ó nílò ìṣọ́ra. Ojú ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ohun pupa ni a ń pè ní ohun tí ó pọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata àti tòmátì mu, ṣùgbọ́n kò bá ọsàn ilẹ̀ wa mu. Ọ̀pọ̀ ọsàn tí ó dùn jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ara rẹ̀ ṣì dúdú bí ewé, nítorí pé òtútù òru ni ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ewé kúrò lára ọsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù. Ní òkè òkun, àwọn oníṣòwò a máa fi ètílíìnì fẹ́ ọsàn tí ó dúdú kí ó lè ní àwọ̀ tí àwọn oníbàárà fẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ irú Cavendish náà ní tirẹ̀. Bí ó bá pọ́n nínú ooru tí ó ju ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ó lè dẹ̀ kí ó sì dùn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, nítorí ooru náà kò jẹ́ kí àwọ̀ ewé náà tú tán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ooru Ọ̀fà, pípọ́n ni ó ń pọ́n.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí kò hàn nínú ọ̀rọ̀ pọ́n. Àwọn èso kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbó, a lè já wọn kí wọ́n sì máa bá ìrìn àjò wọn lọ nílé: ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò, ìbẹ́pẹ, tòmátì, gúrọ́fà. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá fẹ́ pọ́n, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan bí ẹni tí ó gun òkè, wọn a sì máa tú ètílíìnì síta. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èso kajú. Ohun tí adùn wọn jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kúrò lórí igi ni yóò jẹ́ títí ayé wọn. Ẹni tí ó bá fi àpò bo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò gbó, àwọ̀ ni yóò rí, kò ní rí ṣúgà.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yúróòpù ń fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n fà jáde lára èédú tan iná ojú pópó. Níbikíbi tí páìpù bá ti ń jò, àwọn igi tí ó wà nítòsí a máa wọ́wé láì tọ́ àkókò. Ní ọdún 1901, Dimitry Neljubow, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, gbin irúgbìn pea, tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, sínú yàrá ìwádìí. Wọ́n hù, ṣùgbọ́n wọn kò nà sókè: wọ́n kúrú, wọ́n sanra, wọ́n sì ń lọ ní ìbúlẹ̀. Nígbà tí ó gbin irú rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ìta, wọ́n nà ṣánṣán. Ó wá ṣe ìtúpalẹ̀ afẹ́fẹ́ àtùpà tí ó wà nínú yàrá náà títí ó fi mọ̀ pé ètílíìnì inú rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ohun tí ó rí yẹn ṣì wúlò: nípa wíwo bóyá ọ̀mùnú kúrú, ó sanra, ó sì tẹ orí, ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ewéko tí ó ń gbọ́ ètílíìnì àti èyí tí kò gbọ́.

Ní ọdún 1910, H. H. Cousins kọ ìkìlọ̀ láti Jàmáíkà pé kí wọ́n má ṣe kó ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kan náà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan ń ti ọ̀dọ̀ ọsàn wá tí ó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí ń ti ìta wá bá ewéko ni wọ́n ka ètílíìnì sí. Ọdún 1934 ni Richard Gane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé èso ápù fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ka ètílíìnì mọ́ àwọn họ́mọ́ònù, ìyẹn àwọn ohun ìránṣẹ́ tí ara ohun ẹlẹ́mìí máa ń ṣe ní ìwọ̀n kékeré láti fi darí ara rẹ̀. Nínú gbogbo họ́mọ́ònù ewéko tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, òun nìkan ni ó jẹ́ afẹ́fẹ́. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tí ó fi èyí tí ó pọ́n sí àárín èyí tí ó dúdú ti ń lo ìmọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ̀yà kékeré ni. Kábọ́ọ̀nù méjì àti háídírójìn mẹ́rin péré ni ó wà nínú hóró rẹ̀ kan. Láti ara methionine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì, ni ewéko ti ń ṣe é. Ní ọdún 1979, Shang Fa Yang àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Adams, ní yunifásítì California ní ìlú Davis, rí àárín ọ̀nà náà: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ACC ni methionine ń kọ́kọ́ dà, ACC ni ó sì ń di ètílíìnì. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí nílò ọ́síjìn. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ohun tí a fi bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá díẹ̀. Ẹni tí ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ pinpin sínú ọ̀rá tí kò ní ihò kankan yóò dá ètílíìnì náà dúró, kò sì ní jẹ́ kí èso náà rí èémí mí.

Ohun méjì mìíràn yẹ ní mímọ̀ nípa ìṣẹ̀dá rẹ̀. Èkíní ni pé èso tí ó bá gbọ́ ètílíìnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe púpọ̀ sí i, bí ìgbà tí ìròyìn bá dé ọjà tí ẹni tí ó gbọ́ ọ bá ń pariwo rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣe ń mú ọgọ́rùn-ún pọ́n. Èkejì ni pé ọgbẹ́ ń fa ètílíìnì. Èso tí ó fi ara pa nínú ọkọ̀, tàbí ànàmọ́ tí ọkọ́ ṣá nígbà tí wọ́n ń wà á, yóò tú u síta, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí àrùn bá wọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ní Japan ti ń ṣe ìwádìí ànàmọ́ tí olú kan tí ń jẹ́ kí ó rà bá wọ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe ètílíìnì gidigidi. Èyí tí ó ràn án lọ́wọ́ láti ta ko àrùn náà kò ṣàǹfààní fún èso tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tí kì í sinmi

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbọ́. Ewéko kékeré kan, Arabidopsis thaliana, tí kò wúlò fún ọbẹ̀ tí kò sì wúlò fún oògùn, ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1988, Anthony Bleecker àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́ ètílíìnì sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀mùnú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Gbogbo wọn kúrú bí ti Neljubow, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó nà gbọọrọ bí ẹni pé kò sí ohunkóhun nínú afẹ́fẹ́. Adití ni wọ́n. Ní ọdún 1993, Caren Chang àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí jíìnì tí ó yí padà lára àwọn adití náà, orúkọ rẹ̀ ni ETR1. Purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe ni etí tí ewéko fi ń gbọ́ ètílíìnì. Arabidopsis ní irú etí bẹ́ẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀hun pẹlẹbẹ tí ó wà káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti jókòó, ẹyọ bàbà kan sì wà nínú wọn, irú bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná. Ara bàbà yìí ni ètílíìnì máa ń lẹ̀ mọ́. Ewéko tí kò bá rí bàbà gbé dé ibẹ̀, etí rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́.

Ènìyàn lè rò pé bí ètílíìnì bá ti kan etí náà ni etí yóò kígbe pé, "Ẹ bẹ̀rẹ̀!" Òdì kejì rẹ̀ ni òótọ́, ibí yìí sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú. Nígbà tí kò sí ètílíìnì, etí yìí kò sinmi. Ó dà bí ẹ̀ṣọ́ tí ń ké tọ̀sán tòru pé, "Ẹ má tíì ṣe é! Ẹ má tíì ṣe é!" Purotéènì kejì, CTR1, ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ṣọ́, òun ni ó sì ń di ẹ̀kẹta, EIN2, mọ́lẹ̀. Nígbà tí ètílíìnì bá dé tí ó sì lẹ̀ mọ́ bàbà, ńṣe ni ẹ̀ṣọ́ dákẹ́. CTR1 kò rí ọ̀rọ̀ gbọ́ mọ́, ó tú okùn sílẹ̀. Ìrù EIN2 yóò wá já bí ìrù alángbá, ìrù yìí yóò sì sáré wọ inú gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n kó gbogbo jíìnì pamọ́ sí. Ọdún 2012 ni wọ́n tó rí ìgbésẹ̀ jíjá ìrù yìí. Bí ìrù náà bá dé ibẹ̀, purotéènì mìíràn, EIN3, tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe tí ó sì ń bà jẹ́ ní kíákíá tẹ́lẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kójọ, yóò sì tan àwọn jíìnì tí ó yẹ. Nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí ni yóò mú kí sítáàṣì di ṣúgà, kí àwọ̀ ewé tú, kí ohun tí ó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ra wọn rọ̀.

Ẹ̀rí wo ni ó wà pé ẹ̀ṣọ́ ni, tí kì í ṣe akéde? Ẹ̀rí méjì ni. Bí ó bá jẹ́ akéde ni, ewéko tí wọ́n bá yọ etí rẹ̀ kúrò yóò di adití. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jian Hua àti Elliot Meyerowitz ba púpọ̀ nínú àwọn etí náà jẹ́ pọ̀ nínú ewéko kan ní ọdún 1998, ewéko náà kò di adití rárá. Ó ń hùwà bí ẹni tí ètílíìnì bò mọ́lẹ̀ nígbà tí kò sí ètílíìnì kankan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti kúrò, kò sí ẹni tí yóò ké mọ́. Ẹ̀rí kejì ni ti àwọn adití ọdún 1988. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó yí padà lára wọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù sì wà ní pípé. Ẹ̀ṣọ́ tí ó yí padà náà kò lè gbá ètílíìnì mú, nítorí náà kò lè dákẹ́. Bí gbogbo àwọn yòókù bá dákẹ́, igbe òun nìkan ti tó láti dá iṣẹ́ dúró. Irú rẹ̀ wà lára tòmátì kan tí àwọn onímọ̀ mọ̀ tipẹ́, tí kì í pọ́n bí ó ti yẹ láé: ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò gbọ́ ètílíìnì.

Àwọn oníṣòwò òkè òkun ń lo ìmọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní 1-MCP, tí ó máa ń gba ojú bàbà náà kí ètílíìnì tó dé, síbẹ̀ kì í pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́. Èso ápù tí wọ́n bá fẹ́ ẹ sí lè wà nínú yàrá òtútù fún ọ̀pọ̀ oṣù láì dẹ̀.

Ohun tí ètílíìnì ń sọ nínú oko

Kì í ṣe èso nìkan ni ó ń gbọ́ ọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ tí ewé bá ń rẹ̀ dànù lórí igi, ètílíìnì wà lára ohun tí ń jẹ́ kí ìdí ewé tú kúrò lára ẹ̀ka. Ìrẹsì tí omi bo mọ́lẹ̀ ń mọ̀ pé omi ti bo òun nítorí pé ètílíìnì tí ó ń ṣe kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń kójọ sínú rẹ̀. Irú ìrẹsì kan yóò na ọrùn kí orí rẹ̀ lè yọ sójú omi, òmíràn yóò dákẹ́ pamọ́ títí omi yóò fi fà.

Ní ọdún 2021, Bipin Pandey àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Nottingham fi ìrẹsì àti Arabidopsis ṣe ìwádìí tí ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rò pé líle ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò wọlé, bí ìka tí kò lè wọ ara ògiri. Wọ́n rí i pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ìrìn rẹ̀ dúró. Nínú ilẹ̀ tí ó rọ̀, ètílíìnì tí orí gbòǹgbò ń tú síta máa ń gba àárín ihò ilẹ̀ lọ. Nínú ilẹ̀ tí ó ki, ihò wọ̀nyí ti dí, afẹ́fẹ́ náà ń kó jọ yí gbòǹgbò ká, gbòǹgbò sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ pé kí ó dúró. Nígbà tí wọ́n lo gbòǹgbò adití, ó wọ ilẹ̀ líle náà lọ. Lóòótọ́, ìrẹsì ni wọ́n fi wò ó, kì í ṣe ànàmọ́. Síbẹ̀, àgbẹ̀ Ọ̀fà tí ń kọ ebè gíga kí ó tó gbin ànàmọ́ ń pèsè ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá.

Ẹ̀tàn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ pápá, koríko kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Striga máa ń so mọ́ gbòǹgbò àgbàdo àti ọkà bàbà, a sì máa fa oúnjẹ wọn mu. Irúgbìn rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yóò fi gbọ́ pé gbòǹgbò wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n rí irú rẹ̀ kan nínú oko àgbàdo ní North Carolina àti South Carolina ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ láti lé e lọ ni pé wọ́n fẹ́ ètílíìnì sínú ilẹ̀ nígbà tí kò sí àgbàdo níbẹ̀. Irúgbìn náà jí, ó hù, kò rí gbòǹgbò kankan so mọ́, ó sì kú. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa kò lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1990, fi yẹ bakitéríà kan wò, èyí tí ń ṣe ètílíìnì fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀.

Kábáídì

Gbogbo àlàyé òkè yìí ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí kábáídì ń ṣe. Òkúta eérú ni, èyí tí àwọn ajórin ń lò. Bí ó bá kan omi, tàbí ọ̀rinrin ara èso lásán, yóò tú afẹ́fẹ́ ásétílíìnì síta. Ásétílíìnì jọ ètílíìnì ní ìrísí, ó sì lè lẹ̀ mọ́ bàbà etí ewéko, ṣùgbọ́n kò bá a mu tó. Púpọ̀ rẹ̀ ni yóò wà kí ẹ̀ṣọ́ tó dákẹ́. Bí ẹni tí ń sín ohùn baálé jẹ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni. Èso tí kò gbó pàápàá lè fi àwọ̀ dáhùn, kí inú rẹ̀ sì ṣì le koránkorán.

Kábáídì tí wọ́n ń tà fún ajórin kì í mọ́. Àrùṣẹ́nííkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, májèlé ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì lè kù sára èso tàbí kí wọ́n bá afẹ́fẹ́ náà jáde fún ẹni tí ń fi ọwọ́ kó o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ pé kò bófin mu láti fi mú èso pọ́n. Síbẹ̀ kò tọ́ kí olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì kí ó máa bú ọlọ́jà. Ẹni tí ó yá owó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ilẹ̀ igbó wá sí Ọ̀fà mọ̀ pé ooru ń le, oníbàárà ń fẹ́ pípọ́n lónìí, gbèsè kò sì mọ ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni pé ètílíìnì gidi wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní àrùṣẹ́nííkì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, wà ní Ìlọrin tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ibẹ̀ sì yẹ ní ibi tí olùkọ́ lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ètílíìnì tòótọ́ pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ọlọ́pẹ̀ òyìnbó ní agbègbè Àládà máa ń lo oògùn ethephon, tí ń di ètílíìnì lára ewéko, kí èso lè pọ́n lójú. Ní òpin ọdún 2016, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ dá kíkó ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sí Yúróòpù dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n oògùn náà tí ó kù lára èso ju èyí tí òfin ibẹ̀ gbà láàyè lọ.

Fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ kò nílò yàrá ìwádìí láti fi ẹ̀kọ́ yìí hàn. Kí ó ra ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó gbó tí ó sì dúdú, kí gbogbo rẹ̀ ti ara ìdì kan wá, nítorí bí orísun wọn bá yàtọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀. Kí ó pín in sí mẹ́ta. Ìpín kìíní yóò wà lórí tábìlì ní gbangba. Ìpín kejì yóò wọ inú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó ti pọ́n, kí wọ́n sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìpín kẹta yóò wọ inú àpò bébà láì sí èyí tí ó pọ́n nínú rẹ̀. Ìpín kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò sọ bóyá àpò náà ni ó ṣiṣẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láràárọ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára líle, kí wọ́n sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára adùn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìpín kejì bá dẹ̀ ní ọjọ́ kẹta nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dúdú, ẹnìkan nínú kíláàsì yóò sọ pé kò tíì pọ́n. Kí olùkọ́ bó o, kí ó fún un jẹ.